Gíìgì Tó Bá Ọmọ Mi Mu

Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń rán jẹun. Bí ẹ bá wà ní Inísà nígbà tí àwọn ọmọ bá ń wọlé lẹ́yìn ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí ẹ rí ọmọdé tí aṣọ rẹ̀ ń gbálẹ̀, tí apá ẹ̀wù rẹ̀ sì bo ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo rán an. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn òbí ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn. Wọn á mú ọmọ wá, wọn á ní kó dúró ṣánṣán, mi ò ní tíì na tépù sí i léjìká tán tí ìyá rẹ̀ á fi sọ pé, "Ẹ fi ààyè sí i o, ó ń dàgbà." Mo mọ̀ pé ó ń dàgbà. Ta ni ọmọ tirẹ̀ kì í dàgbà? Màá fi ààyè sí èjìká, màá fi sí ìbàdí, màá wá ṣẹ́tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó nípọn dáadáa, kí wọ́n lè tú u wálẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e bí aṣọ náà bá ṣì ní ẹ̀mí.

Bí mo ṣe tọ́ ọmọ tèmi náà nìyẹn. Obìnrin ni, òun nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti bàbá rẹ̀. Bàtà rẹ̀ máa ń ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, a ó sì fi àkísà dí orí rẹ̀ kó má baà yọ sílẹ̀ lọ́nà. Fọ́tò kan wà tí a yà fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Orí rẹ̀ ni ẹ ó rí lókè, bàtà rẹ̀ ni ẹ ó rí nísàlẹ̀, gbogbo àárín jẹ́ aṣọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní wòlíì, torí ó dà bí ẹni tó wọ sùtánà. Mo ní kó máa dá wọn lóhùn pé wòlíì kì í ṣe orúkọ burúkú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan fún ọmọ, kó ra èyí tí ọmọ máa lò pẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dé, mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.

Ọmọ náà ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà yẹn, ó ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé, ohun tí wọ́n ń pè ní ákítẹ́ẹ̀tì. Ó ti lo ọdún kan, ó fẹ́ wọ ìkejì. Kọ̀ǹpútà tó lò lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló lò ó kù kó tó fún un. Gíìgì mẹ́rin péré ni mẹ́mọ́rì inú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ gíìgì nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bó bá tan kọ̀ǹpútà yẹn nílé, a ó ti tẹ ẹ̀bà, a ó ti jẹ ẹ́ tán, kọ̀ǹpútà ò tíì ṣí. Bó bá ń ya ilé lórí rẹ̀, á fa ìlà kan, á ká ọwọ́ gbera, á máa wò ó títí ìlà náà á fi jáde. Á tún fa òmíràn. Lọ́jọ́ tí orí kọ̀ǹpútà náà bá kanlẹ̀, á kú pii, gbogbo ohun tí ọmọ ti yà láti àárọ̀ á sì bá a lọ. Nígbà tí èsì ìdánwò ọdún àkọ́kọ́ jáde, kò dáa. Ó feèlì ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ yíyà, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Mo ní kò burú, kọ̀ǹpútà tí kò lẹ́mìí ló fa gbogbo rẹ̀, a ó ra òmíràn fún un.

Bàbá rẹ̀ ń dáko kòkó lọ́nà Ìgbàyè. Mo pè é lórí fóònù, mo ní wọ́n ní èyí tó ní gíìgì mẹ́jọ wà, èyí tó ní mẹ́rìndínlógún wà, èyí tó ní méjìlélọ́gbọ̀n náà wà.

"Kí ló ń jẹ́ gíìgì?" ó bi mí. "Ṣé bí àpò ni?"

Mo ní bí àpò ni.

"Ẹ ra méjìlélọ́gbọ̀n jàre. Ta ló ń mú àpò kékeré lọ kó kòkó?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwa aláṣọ funfun, mo ṣi ẹnu sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rọ̀ náà sì di ti gbogbo ìjọ. Ẹnì kan ní mẹ́jọ ti pọ̀ jù, pé fóònù òun ò tó bẹ́ẹ̀, òun sì ń fi í wo fíìmù. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní nọ́ńbà tó pé ni méje, ṣé àwọn tó ń tà á ò ní méje ni? Mo ní wọn kì í ṣe méje. Ó mi orí, ó ní òun gbàdúrà fún wọn. Gbogbo wa pátá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mẹ́mọ́rì ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo wa la sì mọ iye tó yẹ kó jẹ́.

Ọmọ tó máa lò ó nìkan ni kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá bi í, á ní, "Èyí tẹ́ ẹ bá rà náà ti dáa, mà." Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé mo kọ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ rà á, a wọ bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀, ó di Ìkìrun. Mo gbé àpò ńlá kan dání, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló kún inú rẹ̀, torí mo ti ṣèlérí fún olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkukù pé màá kó wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo ní a ó ti Ìkìrun kọjá sí Òkukù, ká má wulẹ̀ yà sílé mọ́.

Ọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́sọ̀. Ó ń ta tuntun, ó ń ta tòkunbọ̀, bó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rò pé òun ló bí wọn. Mo ní kó kọ́kọ́ là mí lóye, kí ni mẹ́mọ́rì yìí gan-an? Ó ní kì í ṣe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ìyẹn ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní ibi tó ń tẹ́ iṣẹ́ sí ni, nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́. Ó wo tépù tó wà lọ́rùn mi, èyí tí mo gbàgbé láti yọ kí n tó kúrò nílé, ó rẹ́rìn-ín.

"Mà, bí tábìlì tẹ́ ẹ fi ń gé aṣọ ló rí. Tó bá kéré, ẹ ó máa ká aṣọ, ẹ ó máa tú u, iṣẹ́ ò ní yá. Tó bá fẹ̀, ẹ ó kàn tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Èyí yé mi. Tábìlì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ ló máa ń gbà, ìyókù á wà nílẹ̀, ewúrẹ́ á sì gun orí rẹ̀. Mo ní, "Ó tán. Ẹ fún wa ní méjìlélọ́gbọ̀n."

"Màámi, mẹ́jọ ti tó mi," ni ọmọ mi wí.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ní mẹ́jọ kò lè gbé iṣẹ́ ákítẹ́ẹ̀tì dáadáa, pé tó bá dé ibi tí wọ́n á ti máa ya ilé tó dìde dúró, tí wọ́n á máa yí i po bí ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀, á máa dákú ni. Ọmọ ní òun mọ̀. Ó tún ní mẹ́jọ ti tó òun. Ohùn rẹ̀ ò ga, àmọ́ kò yẹ̀.

Mo yíjú síta láti wo àpò aṣọ tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tó rẹ ohùn sílẹ̀, tó ń bi ọkùnrin náà pé, "Bọ̀dá, nínú àwọn mẹ́jọ yìí, èwo ló máa rọrùn láti tà, tó bá tó oṣù mélòó kan sí i?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń pariwo sí mi létí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n etí mi ò dí. Mo yíjú padà. Mo ní, "O fẹ́ ta kí ni?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Mo ti rí i lójú rẹ̀ kó tó la ẹnu.

"Màámi, mo fẹ́ kúrò ní ákítẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ yí kọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ náwó púpọ̀ lórí nǹkan tí mi ò ní lò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo pariwo. Mo ní ta ló sọ fún un pé kó kúrò? Mo ní ṣé nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó feèlì? Mo ní èmi tí mo ń ránṣọ yìí, mélòó ni mo bàjẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe? Mo ní ó jókòó sọ́dọ̀ mi nínú gbogbo ìsinmi, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé èyí tí mo bá rà ti dáa, nígbà tó jẹ́ pé ó ti pinnu pé òun ń lọ. Oníkọ̀ǹpútà mú aṣọ pélébé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu kọ̀ǹpútà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo gbé àpò aṣọ mi. A kò ra nǹkan kan.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òkukù, òun ló gbé àpò náà sórí itan. Mo ń wo ojú fèrèsé, inú ń bí mi, ó sì ń dùn mí. Inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n má sunkún. Ẹ ò mọ ọmọ yìí. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń jí ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, á fi ya ilé sórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù mi. Yàrá, pálọ̀, ilé ìdáná, ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá fẹ́ lọ mú òwú, á kígbe pé, "Màámi, ògiri lẹ gbà kọjá yẹn!" Màá padà, màá gba ẹnu ọ̀nà tó yà fún mi. Àwọn oníbàárà mi náà mọ̀ ọ́n, wọn á ké àgò kí wọ́n tó wọlé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ní òun ò ṣe mọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró ní Inísà, mo rò pé á ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀, èmi náà ò sì ní kó sọ̀. A jọ kọjá ilé wa dé Òkukù.

Àwọn òbí ti pé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kí a tó dé. Olùkọ́ àgbà ti to àga sábẹ́ igi máńgòrò, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wọ tirẹ̀ wò. Inú àwọn ìyá ń dùn. Wọ́n ń fa ìṣẹ́tí wò, wọ́n ń sọ pé èyí á lò tó ọdún mẹ́ta. Mo ti ń gbàgbé ìbínú mi díẹ̀díẹ̀, torí kò sí ohun tó ń tu aránṣọ nínú bíi kí wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣàròyé.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ kíláàsì àkọ́kọ́. Ó kéré gan-an. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún mi nígbà tí mo wọ̀n ọ́n pé kí n fi ààyè sí i dáadáa, mo sì fi sí i. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ fún un, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀, ó dúró. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Á dàgbà bá a."

Ọmọdé náà ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré kiri nínú ọgbà pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn, òun dúró lójú kan, ó ń wò wọ́n.

Ọmọ mi ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní píìnì. Mo fún un. Ó ká apá aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì títí ọwọ́ ọmọ fi yọ, ó ká ìsàlẹ̀ sókè dé orúnkún, ó fi píìnì mú un, ó sì fi òwú rán an léréfèé. Ìyá ọmọ ní, "Ẹ ò kúkú ní gé e, àbí?" Ọmọ mi ní, "A ò gé e, mà. A kàn ká a ni." Ọmọdé náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sì fò, ó sáré tọ àwọn yòókù lọ, kò tilẹ̀ dúró dúpẹ́.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń túká, àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì, a ń ká àwọn tó ṣẹ́kù. Ọmọ mi ò gbé ojú sókè nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ má bínú o. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ti ń rà fún mi, ṣe ni mò ń lé e. Kí n tó lé e bá, á ti gbó. Ìgbà tí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ girama yẹn máa fi bá mi mu, ó ti ya lábíyá, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Mi ò wọ nǹkan tuntun tó bá mi mu rí."

Mo ní, "Ṣé kí n máa rán tuntun fún ọ lóṣooṣù ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mo mọ̀ pé kò sówó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gíìgì méjìlélọ́gbọ̀n yẹn, ó ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ bá rà á, tí mi ò bá wá dàgbà bá a ńkọ́?"

Ó ká aṣọ kan lé orí àwọn tó ti ká, ó tún sọ̀rọ̀.

"Odidi ọdún kan ni mo fi jókòó síwájú èyí tó wà nílé yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi á ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn á ti lọ jẹun, èmi ṣì ń wo ìlà kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀ bóyá òun ló ń lọ́ra àbí èmi. Nígbà tó yá, mo kúkú gbà pé èmi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bí ọmọ, mo fún un lọ́mú, mo ń gbàdúrà lé e lórí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó wà níbì kan tó ń gbà pé òun ò pé, mi ò sì mọ̀. Ó dùn mí ju kó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé irọ́ ni, pé kò lọ́ra, pé láti kékeré ni orí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tí ìyá máa sọ nìyẹn? Ẹnu mi ò lè yanjú rẹ̀. Mo wo ọmọdé yẹn tó ń sáré yípo igi máńgòrò, mo wá bi ọmọ mi ní ìbéèrè kan tí mi ò bi oníbàárà rí láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ.

"Èwo ló bá ọ mu báyìí? Mi ò sọ ti ọdún tó ń bọ̀ o. Ti ìsinsìnyí."

Ó ronú. Mo rí i tó ń kà á lọ́kàn, iṣẹ́ tí wọ́n máa fún wọn lọ́dún kejì, àwọn nǹkan tó máa ní láti ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mẹ́rìndínlógún," ó ní. "Tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ọdún yìí, mẹ́rìndínlógún ló bá a mu rẹ́gí."

"Ó dáa. Mẹ́rìndínlógún la máa rà. Kì í ṣe torí pé wàá ya ilé títí ayé. Torí kó o lè mọ̀ bóyá ìwọ ló ń lọ́ra lóòótọ́. Tí ọdún yìí bá parí, tó o bá ṣì fẹ́ kúrò, kúrò. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi láti sọ. Èmi tí n kì í ra sálúbàtà láìfi ìka méjì wọn ẹ̀yìn rẹ̀! Ó wojú mi bóyá màá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó gbé orí lé mi léjìká, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Olùkọ́ àgbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní a kú iṣẹ́.

Bàbá rẹ̀ bínú nígbà tó gbọ́. Ó ní báwo lèèyàn ṣe máa fi tó tóbi sílẹ̀ tó máa ra ìdajì rẹ̀? Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo ní òwe yẹn kò bá ọ̀rọ̀ yìí lọ rárá. Ó ní òun mọ̀, òun kàn fẹ́ pa òwe kan síbẹ̀ ni.

A padà sí Ìkìrun lọ́jọ́ kejì. Oníkọ̀ǹpútà kí wa tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni tó ń wò ó bóyá a tún fẹ́ jà. Mo ní kó fún wa ní èyí tó ní gíìgì mẹ́rìndínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ohun tó dára nínú èyí tí òun fẹ́ fún wa ni pé àyè kan ṣófo nínú rẹ̀, pé bó bá yá a lè fi mẹ́mọ́rì kún un.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ bó bá yá."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, mo palẹ̀ aṣọ mọ́ lórí tábìlì, ó gbé e síbẹ̀, ó tàn án. Ó ṣí kí n tó fa àga. Ó fa ìlà kan, ìlà náà sì jáde bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó ká ọwọ́ gbera, bó ti mọ́ ọn lára, kó máa dúró dè é. Kò sí nǹkan tó máa dúró dè. Ó tú ọwọ́. Ó fa òmíràn, ó fa òmíràn, kò tún wo ẹ̀yìn mọ́. Mo gbé oúnjẹ sí i, ó tutù. Mi ò bá a wí.

Nígbà tó wọlé sílé-ẹ̀kọ́, mo mú ẹ̀jẹ́ mi ṣẹ, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fojú kéré rẹ̀. Bó bá pè, màá bi í bóyá ó jẹun, bóyá iná wà, bóyá ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì á dé ètè mi, màá gbé e mì. Bàbá rẹ̀ á ní, "O ò bi í ni?" Màá ní kó bi í fúnra rẹ̀, òun náà ò sì jẹ́ bi í. Lọ́jọ́ kan, láàárín ọ̀rọ̀ nípa ata tó wọ́n, ọmọ mi ní òun ti pàsì iṣẹ́ tí òun feèlì yẹn. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì padà sórí ata. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jó yí ẹ̀rọ mi po, mo tún jókòó. Mi ò gbàgbé pé pípàsì yàtọ̀ sí dídúró. Ọmọ lè pàsì nǹkan kó sì tún fi í sílẹ̀.

Ọdún náà ń parí lọ. Ìgbà aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tún ti dé, àwọn ìyá àti ọmọ kún ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń wọn ọmọ kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Mo fi èjìká há a mọ́ etí.

"Màámi, ẹ ẹ̀ ní bínú o? Kọ̀ǹpútà yìí ti kéré."

Ẹ mọ̀ mí. Mo ní, "Kí ló ti kéré? Kọ̀ǹpútà tí a rà lánàá òde yìí? Ìwọ fúnra ẹ lo ní ó bá ọ mu rẹ́gí!"

"Ó bá mi mu nígbà yẹn, mà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní iṣẹ́ ọdún kẹta kí a máa gbìyànjú rẹ̀. Odindi ọjà ni mò ń yà, mà, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí, pẹ̀lú òrùlé tí òjò máa gbà ṣàn. Mo ti parí ìdajì rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yí i po báyìí, á dúró, èmi á ti mọ ibi tí mo ń lọ, òun ò ní tíì dé ibẹ̀." Ó mí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. "Òun ló ń lọ́ra, màámi. Kì í ṣe èmi."

Tépù já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ sáàárín aṣọ, omi sì ń dà lójú mi. Ìyá ọmọ tí mo ń wọ̀n sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, ó ní ṣé kò sí o, ta ló kú? Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọmọ mi ni, kọ̀ǹpútà tí mo rà fún un ló ti kéré.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà," ó wí, ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á pèsè."

Mo ní, "Ẹ má kí mi pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi yọ̀."